Olùwádìí Àgbàṣe àti Ọ̀rọ̀ Ìpolówó Ọjà: Ìtàn láti Èbúté Warri

Àṣamọ̀

Ọ̀rọ̀ ìpolówó tí a kọ sílẹ̀ kì í ti orí akọ̀wé nìkan jáde. Ẹnìkan ti lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà kí akọ̀wé tó mú kálàmù. Nínú iṣẹ́ yìí, a tọpa ìtàn àwọn tí wọ́n ń gbà láti ìta wá ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀, a sì fi Èbúté Warri àti agbègbè rẹ̀ ṣe ibi tí a dúró sí. A wo ìwé kan tó jáde ní 1899, kíka ènìyàn tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín 1927 àti 1929, ìbẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ ìpolówó ní Nàìjíríà, ìwádìí nípa àyíká Niger Delta ní 1995, àti iṣẹ́ kan tí àwa fúnra wa gbà ṣe. Èrò wa ni pé ẹni tó lọ béèrè ni ó ń mú kí ọ̀rọ̀ ìpolówó bá òótọ́ mu, òun náà sì ni orúkọ rẹ̀ máa ń sọnù.

Ìfáárà

Ẹni tó ń kiri ọjà ara rẹ̀ kì í sanwó fún olùwádìí. Ìyá tó gbé àkàrà jáde ní ìdájí mọ àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, ó mọ èyí tí ebi ń pa gan-an àti èyí tó kàn fẹ́ dúró ṣàwàdà. Bí ó bá dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé, ohùn rẹ̀ á yí padà; bí ó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì, á tún yí padà. Nínú ìpolówó tí a ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ NCE gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka lítíréṣọ̀ alohùn, ẹni tó mọ ọjà, ẹni tó mọ oníbàárà àti ẹni tó ń ké jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo.

Ọ̀rọ̀ yí padà nígbà tí ọjà di ti ẹlòmíràn. Ẹni tó ni ọjà wà ní Liverpool tàbí ní Èkó, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ jókòó sí ọ́fíìsì tí kò rí odò, ẹni tí yóò ra ọjà náà sì ń bẹ létí omi ní Warri, ó ń sọ Itsekiri nílé, ó ń ná ọjà ní Urhobo, ó ń fi píjìn bá ọmọ rẹ̀ wí. Akọ̀wé kò mọ̀ ọ́n rí. Nítorí náà, wọ́n á gba ẹnìkan pé kó lọ wádìí. Ẹni náà ni a pè ní olùwádìí àgbàṣe nínú iṣẹ́ yìí. Inú oko ni a ti yá ọ̀rọ̀ náà: alágbàṣe kọ ebè, ó gba owó ebè, ṣùgbọ́n iṣu kì í ṣe tirẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ ọ̀la sì mọ irú àgbàṣe mìíràn dáadáa, ìyẹn àwọn tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tó lówó lọ́wọ́ ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ aṣekágbá. A ó padà dé ibẹ̀, nítorí ó kàn wá ju bí a ṣe rò lọ.

Èbúté tí àwọn oníṣòwò dá sílẹ̀

Ọkọ̀ tó bá ń ti òkun bọ̀ wá sí Warri ní láti gba ẹnu odò Forcados tàbí ti Escravos wọlé. Ní 1891 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi igbákejì kọ́ńsùlù kan sí Warri. Ilé iṣẹ́ John Holt ni ó darí èbúté ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí UAC ṣe darí ti Burutu nísàlẹ̀ odò, kí àjọ ìjọba tó ń bójú tó èbúté Nàìjíríà tó gbà wọ́n ní 1969. Títí di òní, àwọn ará ìlú ṣì ń pe etí omi kan ní Miller, orúkọ àwọn Miller Brothers ti Glasgow, tí ilé iṣẹ́ wọn da pọ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn ní 1919. Oníṣòwò ti lọ, orúkọ rẹ̀ kò lọ.

Epo pupa àti èkùrọ́ ni wọ́n wá rà. Ohun tí wọ́n gbé wá tà ni aṣọ, iyọ̀, tábà, ọtí àti ìbọn. Kí ọkọ̀ tó gbéra ní Liverpool, ó yẹ kí ẹnìkan ti mọ irú aṣọ tí àwọn ènìyàn ń fẹ́, nítorí aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kò bá wù wọ́n yóò jókòó sí ilé ìkẹ́rùsí ni. Ìmọ̀ yìí wà lọ́wọ́ àwọn alágbàtà Itsekiri. Iṣẹ́ irú ènìyàn bíi Nana Olomu, tó jẹ gómìnà Odò Benin láti 1884, ni láti mọ ibi tí epo wà àti ohun tí ẹni tó ni epo yóò gbà dípò rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì fọ́ Ebrohimi ní 1894, tí wọ́n sì rán Nana lọ sí ìgbèkùn ní Gold Coast, kì í ṣe olówó kan lásán ni wọ́n mú kúrò lọ́nà. Wọ́n mú ẹni tó mọ oníbàárà kúrò pẹ̀lú. Lẹ́yìn rẹ̀, akọ̀wé ilé iṣẹ́ àti ògbufọ̀ ni òyìnbó oníṣòwò ń yíjú sí bí ó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ lọ́jà, owó oṣù ni ó sì ń san fún wọn.

Àwọn tí orúkọ wọn wà nínú ìwé 1899

Mary Kingsley rìnrìn àjò wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́ẹ̀méjì, ní 1893 àti láti 1894 sí 1895. Nígbà tí ìwé rẹ̀, Travels in West Africa, jáde ní 1897, ó sọ ọ́ di olókìkí, ó sì di ẹni tí àwọn oníṣòwò Liverpool ń fẹ́ kó gbẹnu sọ fún wọn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni John Holt, wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ara wọn. Ó tako owó orí ilé tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní Sierra Leone ní 1898, ó sì ń jà fún èrò rẹ̀ pé oníṣòwò mọ Áfíríkà ju òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. Bí a bá fi ojú òde òní wò ó, ó ń kọ̀wé fún àwọn tó ní ọjà láti tà. A kò sọ èyí láti bú u. Tọkàntọkàn ni ó gba ohun tó ń kọ gbọ́.

Ṣùgbọ́n obìnrin náà mọ ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ pin sí. Òun kò gbé àárín àwọn odò Niger Delta pẹ́ bí àwọn àgbà oníṣòwò ṣe gbé e. Nígbà tó ń ṣe West African Studies, tó jáde ní 1899, ó wá ìrànlọ́wọ́ láti ìta. C. N. de Cardi, tó ti ṣòwò ní àwọn odò náà fún ọdún gbọọrọ, kọ àfikún kan sí ẹ̀yìn ìwé náà nípa àwọn ènìyàn, àṣà àti òwò agbègbè tí wọ́n ń pè ní Niger Coast Protectorate nígbà náà, títí kan àwọn Itsekiri, tí wọ́n ń kọ ní Jakri láyé ìgbà náà. John Harford náà kọ ti ìrìn àjò tó ti rìn sí àwọn odò epo ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣáájú. Orúkọ oníkálukú wà lórí ohun tó kọ. Kingsley kò gbé ìmọ̀ wọn wọ̀ bí aṣọ ara rẹ̀, ìyẹn sì dára ju ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń ṣe lónìí.

Ibi tí a fẹ́ kí ẹ bá wa dúró sí díẹ̀ ni èyí: de Cardi náà kò dá mọ̀ ọ́n. Àlejò kò lè mọ bí wọ́n ṣe ń sìnkú ní ilé kan, tàbí ìdí tí ilé méjì kì í fi í bára wọn ná ọjà, àfi bí ọmọ ilé bá sọ fún un. Kingsley fún de Cardi ní àyè nínú ìwé rẹ̀. Àwọn tó ń dá de Cardi lóhùn, àwọn ọmọ agboolé, awakọ̀ ojú omi àti ògbufọ̀, kò sí ẹni tó fún wọn ní irú àyè bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè tó di ìjà

Kò sí bí a ṣe lè sọ ìtàn ìwádìí ní agbègbè Warri kí a má kan owó orí. Ní 1927, ìjọba fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gba owó orí tààrà ní agbègbè Warri àti ní àwọn agbègbè ìlà-oòrùn. Kí wọ́n tó lè mọ iye tí wọn yóò bù fún ìlú kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní láti mọ iye ọkùnrin tó wà níbẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń rí lórí iṣẹ́ wọn. Àwọn aṣojú ìjọba wọ abúlé, wọ́n ń kà, wọ́n ń kọ. Àwọn ará ìlú kọ̀. Ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ sílẹ̀ káàkiri agbègbè náà láti 1927 wọ 1928, Obaro Ikime sì ti kọ ìtàn rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ kà á ní kíkún.

Ìjà tó tẹ̀lé e, tó sì le ju ti Warri lọ, wáyé ní ilẹ̀ Igbo, ní Oloko. A ní ìdí tí a fi fẹ́ gbà yín dé ibẹ̀. Okugo, tí ìjọba fi ìwé àṣẹ sọ di olóyè, ní láti ka àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ohun ìní wọn, kò sì fẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Ó gba ẹnìkan pé kó lọ bá òun kà wọ́n. Mark Emereuwa ni orúkọ ẹni náà, olùkọ́ ilé ìwé sì ni. Ẹ jẹ́ kí a tún un sọ nínú gbọ̀ngàn yìí: olùkọ́ ni wọ́n gbà láti ìta wá ṣe ìwádìí náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1929, ó wọ agboolé kan, ó bá Nwanyeruwa níbi tó ti ń fún epo, ó ní kó ka ewúrẹ́ rẹ̀, àgùntàn rẹ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀. Obìnrin náà bi í bóyá wọ́n ti ka ìyá tirẹ̀. Wọ́n gbá ara wọn mú. Nwanyeruwa bọ́ síta lọ bá àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, ohun tó sì jáde láti inú agboolé yẹn ni Ogun Àwọn Obìnrin, tí ọlọ́pàá àti ọmọ ogun ìjọba fi yìnbọn pa obìnrin tó ju àádọ́ta lọ.

Ó rọrùn láti sọ pé òpè ni Nwanyeruwa. Kì í ṣe òpè. Wọ́n ti ka àwọn ọkùnrin ní ọdún díẹ̀ ṣáájú, owó orí ló sì tẹ̀lé e. Láti ìgbà náà, kò sí ìbéèrè tó jẹ́ ìbéèrè lásán mọ́. Ẹni tó bá gbé ìwé àti bírò wọ ọjà ní apá ibẹ̀ ń rìn lórí ipa ẹsẹ̀ Emereuwa, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀. Bí a bá rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ bi ìyá elépo léèrè iye agolo tó ń tà lọ́sẹ̀, tí ìyá náà sì dákẹ́, ẹ má tètè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ ìṣirò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ń rántí.

Ilé iṣẹ́ ìpolówó dé

Ìkéde inú ìwé ìròyìn kì í ṣe ohun tuntun ní ilẹ̀ Yorùbá. Láti ìgbà tí Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní 1859 ni irú rẹ̀ ti ń jáde. Ilé iṣẹ́ tó ń fi kíkọ ìpolówó ṣe iṣẹ́ ni ó pẹ́ kí ó tó dé. Ní 1928 ni West African Publicity bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ òjìji àwọn ilé iṣẹ́ tó di UAC, òun ló sì di Lintas nígbà tó yá. Ọ̀pọ̀ ìpolówó ìgbà náà wá láti London tààrà, wọ́n kàn ń tún un tò kó lè bá ibí mu ni.

Ní Amẹ́ríkà, ní 1932, ilé iṣẹ́ ìpolówó Young & Rubicam gba George Gallup láti máa darí ìwádìí fún wọn. Olùkọ́ yunifásítì ni Gallup náà. Ó máa ń fi ìwé ìròyìn hàn àwọn tó ti kà á, yóò bi wọ́n ohun tí wọ́n rí níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe ohun tí akọ̀wé rò pé wọ́n rí. David Ogilvy ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Gallup kí ó tó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní New York ní 1948. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa S. H. Benson ni pé nígbà tí wọ́n gba iṣẹ́ ọtí Guinness ní ìparí àwọn ọdún 1920, inú ilé ọtí ni wọ́n kọ́kọ́ lọ, wọ́n ń bi àwọn tó ń mu ún pé kí ló dé tí wọ́n fi ń mu ún. Ìdáhùn àwọn ọ̀mùtí ló di ọ̀rọ̀ ìpolówó tí gbogbo ayé mọ̀. Orúkọ ọ̀mùtí kan kò sí nínú ìtàn náà. Àwọn akọ̀wé Benson ni a mọ̀. Dorothy Sayers tó ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà lára wọn.

Nàìjíríà náà gbìyànjú láti gba iṣẹ́ yìí sọ́wọ́ ara rẹ̀. Òfin ọdún 1972 tó fi àwọn òwò kan sílẹ̀ fún ọmọ ilẹ̀ yìí nìkan ka ìpolówó mọ́ wọn. Òfin karùndínlọ́gọ́ta, ìyẹn Decree 55 ti 1988, dá APCON sílẹ̀, òfin ọdún 2022 sì sọ ọ́ di ARCON. Ní ọdún 2022 náà ni ARCON pàṣẹ pé a kò gbọdọ̀ lo òyìnbó tàbí àjèjì mìíràn mọ́ fún àwòrán àti ohùn nínú ìpolówó tó wà fún Nàìjíríà. A fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ojú àti ohùn ni àṣẹ náà ń sọ. Kò mẹ́nu kan etí. Ẹni tó bá fi ojú ọmọ Nàìjíríà sórí pátákó ṣì lè má tíì fetí sí ọmọ Nàìjíríà kankan kí ó tó kọ ọ̀rọ̀ sí i.

Ní Warri, àìfetísílẹ̀ léwu ju pé kí ọjà má tà lọ. Ní 1952, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yí oyè Olú Itsekiri padà sí Olú Warri. Àwọn Urhobo àti àwọn mìíràn tí wọ́n ń gbé agbègbè náà kò gbà, ìjà ṣẹlẹ̀, ìjọba sì yí orúkọ agbègbè náà padà láti Warri sí Delta kí ara lè rọ àwọn ènìyàn. Ní 1997, nígbà tí wọ́n gbé olú ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben, ìjà àwọn Ijaw àti Itsekiri gbà ẹ̀mí. Orúkọ ìlú kan, tàbí ọ̀rọ̀ kékeré bí “ti” tó so ìlú mọ́ ènìyàn, ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Akọ̀wé ìpolówó tó jókòó sí Èkó, tó kọ “Warri, ilẹ̀ àwọn báyìí báyìí” sórí pátákó, lè rò pé ọ̀rọ̀ dídùn lòun kọ.

Ta ló sanwó, ta ló tẹ̀ ẹ́ jáde?

Shell ní ọ́fíìsì ńlá ní Ogunu ní Warri fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà kò sí ará Warri tí ọ̀rọ̀ tó kàn yìí ṣàjèjì sí. Ní 1995, nígbà tí ẹ̀hónú ń pọ̀ nípa ohun tí epo rọ̀bì ń ṣe sí ilẹ̀ àti omi, Shell àti àwọn alájọṣe rẹ̀ gbé owó kalẹ̀ fún ìwádìí ńlá kan nípa àyíká Niger Delta. Wọ́n fi Gamaliel Onosode ṣe alága rẹ̀, wọ́n sì pe Claude Ake, onímọ̀ òṣèlú tí gbogbo ayé bọ̀wọ̀ fún, sínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Àwọn kan wí láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ìpolówó ni, kì í ṣe ìwádìí. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kọkànlá ọdún náà, ìjọba ológun so Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn kọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Ake fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ní oṣù kan náà, Shell gbé ìpolówó sínú ìwé ìròyìn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti fi ṣàlàyé ara rẹ̀.

A lè sáré sọ pé ẹni tó sanwó fún onílù ló ń pe orin. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní 2011, UNEP tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí ilẹ̀ Ogoni jáde. Shell àti àwọn alájọṣe rẹ̀ náà ló sanwó ìyẹn. Síbẹ̀, ìwádìí náà sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé ní Nisisioken Ogale, benzene tó wà nínú omi kànga tí àwọn ènìyàn ń mu ju ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé gbà láàyè lọ ní ìlọ́po 900. Lójú tiwa, ohun tó ya ọ̀ràn sọ́tọ̀ ni ẹni tó ní àṣẹ láti tẹ èsì jáde. UNEP ló tẹ tirẹ̀. Alágbàṣe tó gba owó lọ́wọ́ akọ̀wé ìpolówó kì í ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀. Yóò kó èsì fún ẹni tó rán an, yóò sì máa wò ó lójú.

Epo inú ìgò

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ilé iṣẹ́ kan gbà wá láti ṣe irú iṣẹ́ yìí. Epo pupa ni wọ́n fẹ́ máa rọ sínú ìgò tà, wọ́n sì fẹ́ ọ̀rọ̀ ìpolówó ní Gẹ̀ẹ́sì, píjìn, Yorùbá àti Urhobo. Àwọn akọ̀wé wọn wà ní Èkó. Iṣẹ́ tiwa ni pé kí a kó akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan lọ sí ọjà Pessu àti àwọn etí omi tó sún mọ́ èbúté, kí a bi àwọn obìnrin ohun tí wọ́n ń wò lára epo kí wọ́n tó rà á. Wọ́n fún wa ní ojú ewé kan tí ìbéèrè mẹ́wàá wà. Wọ́n kò sọ fún wa ohun tí wọ́n ti kọ tẹ́lẹ̀, àwa náà kò sì béèrè. Àṣìṣe wa àkọ́kọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ kìíní, a kò rí nǹkan kan mú bọ̀. Àwọn obìnrin ń wo ìwé ọwọ́ wa ju ojú wa lọ. Ìyá kan béèrè bóyá kánsù ló rán wa. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọmọbìnrin tó gbọ́ Urhobo láti ilé, ki ìwé ìbéèrè rẹ̀ bọ àpò. Ó jókòó ti ìyá kan tó ń ta epo àti ìṣáwùrú, ó ń bá a ṣa ìṣáwùrú. Ìgbà tó di ọ̀sán, ó ti gbọ́ ohun tí ìbéèrè mẹ́wẹ̀ẹ̀wá kò lè mú jáde. Pípupa kọ́ ni wọ́n ń wò, ó ní, nítorí wọ́n mọ̀ pé àwọn kan ń pa epo láró. Òórùn ni. Ẹni tó mọ epo yóò kán an sẹ́yìn ọwọ́, yóò fi pa ara wọn, yóò gbóòórùn rẹ̀. Ìgò tí wọ́n dé pa ti mú ohun kan ṣoṣo tí wọ́n fi ń dá epo mọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn. Bí ilé iṣẹ́ náà bá fẹ́ tà, kí wọ́n ṣí ìgò kan sílẹ̀ lórí tábìlì kí ènìyàn lè gbóòórùn rẹ̀.

Ó tún gbọ́ ohun mìíràn. Ó fi ìwé pélébé kan han ìyá náà, èyí tí ẹni tó ń bá ilé iṣẹ́ náà pín ọjà ti fún un láàárọ̀. Àwòrán obìnrin tó ń da epo láti inú ìgò sínú ìkòkò ọbẹ̀ bánga ni ó wà níbẹ̀. Ìyá náà pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá mọ ọbẹ̀ náà, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́: ẹyìn ni wọ́n ń sè, tí wọ́n ń gún, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ ṣe bánga. Epo rẹ̀ wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí obìnrin Urhobo tí yóò tún da epo ìgò lé e. Ọbẹ̀ tó ń fẹ́ epo ni oghwo-evwri, èyí tí wọ́n ń fi epo àti kán-ún sè, tí wọ́n sì ń fi sítáàṣì jẹ. Ẹni tó ya àwòrán náà mọ̀ pé ará Warri fẹ́ràn bánga. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ rẹ̀ dúró sí.

A kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìjábọ̀, a fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ tí a dá. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sanwó. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, pátákó wọn wà lójú ọ̀nà tó lọ sí èbúté, obìnrin inú àwòrán ṣì ń da epo sínú bánga. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ kí a tó dé ọjà rárá. Ìwádìí tí wọ́n rán wa lọ ṣe wà fún ìwé tí wọn yóò fi han àwọn ọ̀gá wọn pé a ti béèrè. Ó dùn wá. A sì ń sọ ọ́ kiri fún àwọn akẹgbẹ́ wa bí ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ.

Àfìgbà tí ọmọbìnrin yẹn wá sí ọ́fíìsì wa lọ́jọ́ kan, tó rí ìjábọ̀ náà lórí tábìlì. Ó ṣí i láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, orúkọ mi ńkọ́?” A wò ó. Orúkọ àwa olùkọ́ mẹ́ta ló wà níwájú. Nínú ìjábọ̀ náà, “àwọn olùwádìí” ni a pè é, òun àti gbogbo àwọn tí kò rí nǹkan kan mú bọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni a jókòó ní ìgbìmọ̀ tó ń dá ẹjọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó sanwó fún ẹlòmíràn láti ṣe àpilẹ̀kọ aṣekágbá rẹ̀. A ti gbà láàárín ara wa pé kó tún ọdún kan lò. A kò lè wo ojú ọmọbìnrin náà tán.

A tún ìjábọ̀ náà ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó tún ń kà á mọ́. A sì fi ìlà mẹ́ta kún ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ń gbé lọ sí pápá: ta ló béèrè, èdè wo ló fi béèrè, ta ló dáhùn. Ìlà kẹta ló ń fa wàhálà títí di òní. Nígbà tí ọmọbìnrin náà padà lọ sí Pessu láti béèrè orúkọ ìyá elépo lọ́wọ́ rẹ̀, ìyá náà kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ó ní òun kò fẹ́ kí kánsù mọ orúkọ òun. Lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ pẹ́, ó ní kí wọ́n kọ “Mama Oghwo, ìdí epo, Pessu”, kí wọ́n sì kọ ọ́ tóbi. Bẹ́ẹ̀ ni ó wà níbẹ̀.